Agboolé Àwọn Aláìléegun

Omi ni Ọmọ Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ́kọ́ rí. Omi iyọ̀ ń kán tó, tó, tó sórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù tán, ó ń bá ẹsẹ̀ ọkùnrin kan bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Obìnrin náà gbójú kúrò lórí awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó rí ẹsẹ̀ tí kò wọ bàtà, ó rí ṣòkòtò tí wọ́n ká dé orúnkún, ó rí bọ́kẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù, ẹ̀yìn ìyẹn ló wá rí ojú. Ọkùnrin náà dúdú, ó ń dán, èjìká rẹ̀ sì fẹ̀ débi pé ẹ̀gbẹ́ ló fi wọlé láàárín àwọn ṣẹ́ẹ̀fù tí ìgò kún orí wọn. Iyọ̀ òkun ti gbẹ funfun sí ìpéǹpéjú rẹ̀. Inú ń bí i.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ̀yin ni wọ́n ń pè ní Ọmọ Ọ̀jọ̀gbọ́n?"

"Èmi ni. Ta ló ní kí ẹ wọlé?"

"Ẹsẹ̀ mi ni." Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ gbàà, orí ìwé obìnrin náà gan-an ló gbé e lé. "Mo wá kí ẹ fi èyí tí kò léegun hàn mí."

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín kí n tó máa bá a lọ, torí ọ̀rọ̀ yìí á pa yín lẹ́kún tó bá yá, mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ pé ẹ ò mọ ohun tí ẹ ń sunkún sí. Ẹran kan wà nínú òkun tó gùn bí kùkúńbà, tó rọ̀, tí kò lójú, tí kò lápá. Tilẹ̀ bá ti mọ́, orí yanrìn ló máa ń na ara sí, yanrìn náà ló sì ń jẹ. Ìdí nìyẹn táwọn òmùwẹ̀ fi ń pè é ní ọ̀lẹ òkun. Wọ́n ń wẹ̀ lọ mú un, wọ́n ń sá a gbẹ, wọ́n ń tà á fún àwọn tó ń wá láti ọ̀nà jíjìn, gbogbo etí òkun yẹn ló sì ń tibẹ̀ jẹun. Bí ẹ bá tò wọ́n kalẹ̀, ẹ ó ní ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Irọ́ ni. Inú awọ wọn ni àwọn eegun wẹ́wẹ́ kan wà tí ojú lásán kò lè rí. Eegun yẹn làwọn onímọ̀ fi ń mọ àwọn tó jẹ́ ọmọ baba kan náà, òun ni wọ́n sì fi ń pín wọn sí agboolé-agboolé.

Ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, Ọ̀jọ̀gbọ́n, ìyẹn bàbá obìnrin tó ni awò yìí, rí irú kan lórí àpáta tó wà nítòsí èbúté, tí kò ní eegun rárá nínú awọ. Kò sírú ẹ̀ níbòmíràn láyé. Ó dá agboolé tuntun sílẹ̀ fún un nínú ìwé, agboolé àwọn aláìléegun, òkìkí rẹ̀ sì kàn. Lọ́dún méjì sẹ́yìn ni ìjọba wá ka ìwé yẹn, wọ́n ní ẹran tí kò sí níbòmíràn kò gbọdọ̀ run, wọ́n bá ti àpáta náà pa. Bẹ́ẹ̀, àpáta yẹn kò jìn ju ìnàró èèyàn mẹ́ta lọ. Ibi tó kù fún àwọn òmùwẹ̀ jìn tó ìnàró ogún èèyàn. Rọ́bà ni wọ́n fi ń mí níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì inú ọkọ̀ ló sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rọ́bà.

"Ẹ̀gbọ́n mi kú síbẹ̀ lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn," ọkùnrin náà sọ. Òmùwẹ̀ ni gbogbo èbúté ń pe ọkùnrin yìí fúnra rẹ̀, bí ẹni pé òun nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ ọ̀hún, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ tó o. "Ó jáde sókè, ó ní gbogbo oríkèé ń ro òun, ó jókòó sínú ọkọ̀, kò dìde mọ́. Torí náà, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fojú rí ohun tó kú lé lórí."

Ọmọ Ọ̀jọ̀gbọ́n ti ọwọ́ bọ bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó gbé ọ̀kan lára ọ̀lẹ òkun inú rẹ̀ jáde. Ẹran náà fún ara rẹ̀ pọ̀, ó sì da gbogbo ìfun rẹ̀ sórí bàtà funfun tí obìnrin náà wọ̀.

"Yéè!" Òmùwẹ̀ fò sẹ́yìn. "Mo ti pa á!"

Ọmọ Ọ̀jọ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó ń bá òkun jìjàkadì, tó wá ń sá fún ìfun! "Kò kú. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí ẹ̀rù bá bà á. Á da ìfun nù, á sì hu òmíràn."

"Ó máa hu ìfun míì?"

"Kó tó oṣù méjì."

Òmùwẹ̀ wo bàtà yẹn títí. "Ẹ̀gbọ́n mi ì bá mọ̀ ọ́n ṣe," ló sọ, ìbínú rẹ̀ sì wábi gbà. Ohun tó kù lójú rẹ̀ lẹ́yìn ìbínú ni obìnrin náà ò lè gbàgbé.

"Ẹ fà á síbí," ló sọ, ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí ìjókòó sí i. "Ẹ wá wo bí a ṣe ń mọ̀ wọ́n."

Ó gé awọ díẹ̀ tí kò ju hóró ìrẹsì lọ, ó kán bílíìṣì lé e lórí. Wọ́n dúró. Ẹran ara yọ́, ó pòórá, ìyókù wá dà bí eruku funfun. Ó fà á sábẹ́ awò, ó ní kí Òmùwẹ̀ fojú sí i.

"Háà." Ó tún tẹjú mọ́ awò náà. "Bọ́tìnnì ni! Bọ́tìnnì olójú mẹ́fà!"

"Àwọn míì ní èyí tó dà bí tábìlì kékeré, olórí roboto."

"Ta ló ń ṣe é fún wọn?"

"Àwọn fúnra wọn ni."

"Ọ̀lẹ yìí? Tó fi gbogbo ọjọ́ ayé ṣe bọ́tìnnì, a wá ń pè é ní ọ̀lẹ?" Ó gbójú sókè, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ bùṣe. Láti ọjọ́ yẹn ni ìfẹ́ ti gbé Ọmọ Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, ó tún dé, bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní òun wá wò ó bóyá ìfun ti ń hù. Ọjọ́bọ̀ kejì, ó ní òun wá wo bó ṣe hù tó. Ní Ọjọ́bọ̀ kẹta, kò rí àwáwí kankan mú wá, ó kàn dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Kí lẹ wá wò lónìí?" obìnrin náà bi í.

"Ẹ̀yin ni."

"Mi ò ní bọ́tìnnì lára o."

"Mo rí mẹ́rin lára ẹ̀wù yín. Mo ti kà wọ́n."

Wọ́n di ọ̀rẹ́, wọ́n sì di ju ọ̀rẹ́ lọ. "Ẹ" di "o". Ó ń pè é ní Oníbọ́tìnnì mi, obìnrin náà ń pè é ní Adúmáadán. Wọ́n máa ń fi ẹran ta kàn-ń-gbọ̀n: Òmùwẹ̀ á di ojú, á fọwọ́ pa ẹran náà lára, á ní, "Èyí máa ń sá pamọ́ sábẹ́ òkúta, ó máa ń tu okùn funfun tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Èyí ò lókùn, àárín yanrìn ló ń gbé." Ọmọ Ọ̀jọ̀gbọ́n á wá fi awò wo eegun rẹ̀. Nínú mẹ́wàá, ó ṣòro kí Òmùwẹ̀ ṣi ẹyọ kan. Inú obìnrin náà máa ń dùn débi pé á dìde rìn yí tábìlì ká.

Ní ọjọ́ kan, Òmùwẹ̀ ní òun á bá a da fọ́málíìnì, oògùn tí kì í jẹ́ kí òkú ẹran jẹrà, sínú ìgò. Obìnrin náà gbá a lọ́wọ́ pàá.

"Ìyẹ̀fun ná!"

"Ìyẹ̀fun wo?"

"Èyí tó funfun yẹn. Fọ́málíìnì kan gan-an. Tí o ò bá kọ́kọ́ fi ìyẹ̀fun pa kíkan rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló máa jẹ eegun wẹ́wẹ́ yẹn tán. Bàbá mi kọ́ mi lèyí kí n tó mọ ABD. Tí mo bá gbàgbé, á gbá mi lọ́wọ́ bí mo ṣe gbá ẹ yìí."

"Bàbá ẹ le o."

"Lórí ìyẹ̀fun nìkan ni."

Lẹ́yìn ìyẹn, ó kọ bébà kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ìgò: ibi tí wọ́n ti mú ẹran náà, bó ṣe jìn tó, ọjọ́ tí wọ́n mú un. Ìlà méjì tó gbẹ̀yìn ni *Ẹni tó mú un* àti *Ẹni tó dá a mọ̀*. Ó kọ orúkọ Òmùwẹ̀ sí òkè, ó kọ tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Òmùwẹ̀ tẹjú mọ́ orúkọ méjèèjì. Ó ní, "Ó mà jọ ìwé ìgbéyàwó."

"Lọ rí bàbá mi ná," obìnrin náà fèsì, kò sì gbójú sókè.

Ó lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti fẹ̀yìn tì, ojú rẹ̀ ti ń ṣú, àmọ́ lọ́sàn-án ojoojúmọ́ ló ṣì ń wá jókòó sí àga rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé nínú yàrá ìgò. Òmùwẹ̀ dọ̀bálẹ̀, ó ṣàlàyé ara rẹ̀, ó tọrọ ọmọ, ó sì mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ àpáta. Bàbá náà gbọ́ ọ tán.

"Òmùwẹ̀," ló sọ. "Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kó ọ̀lẹ òkun tán pátápátá."

"Òkun ló ń kó wa tán, sà. Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn."

"Mo gbọ́. Ó dùn mí." Ó sì dùn ún lóòótọ́, ẹ má rò pé ìkà ni bàbá yìí. Ó na ọwọ́ sí ìgò kan lórí ṣẹ́ẹ̀fù òkè pátápátá. "Ṣé o rí ìgò yẹn? Aláìléegun àkọ́kọ́ ló wà níbẹ̀. Ìyàwó mi ló wẹ̀ lọ mú un lórí àpáta yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ló fi gbé e fún mi. Ọdún méjì lẹ́yìn tó bí ọmọ yìí ló kú. Orúkọ rẹ̀ ni mo fi sọ agboolé náà nínú ìwé. Kò ní ibojì tó jùyẹn lọ. Ẹ wá fẹ́ kí n ní kí wọ́n ṣí i fún yín, kí ẹ máa kó o sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Tí o bá fẹ́ ọmọ mi, wá iṣẹ́ mìíràn, kí o sì jẹ́ ká gbàgbé ọ̀rọ̀ àpáta."

"Iṣẹ́ wo ni mo tún mọ̀, sà?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n yí ojú sí fèrèsé.

Ọmọkùnrin tí wọ́n lé lọ́dọ̀ bàbá ìyàwó, ohun méjì ló lè ṣe: kó lọ sùn, tàbí kó lọ ṣe wèrè. Òmùwẹ̀ lọ ṣe wèrè. Lọ́jọ́ kejì gan-an, kó tó di pé oòrùn mú, ó wẹ̀ lọ sórí àpáta tí wọ́n tì pa, ó mú ọ̀lẹ òkun márùn-ún níbẹ̀, ó sì gbé wọn wá fún olólùfẹ́ rẹ̀.

"Tí wọ́n bá mú ẹ ńkọ́?" Ẹ̀rù ba obìnrin náà.

"Wọn ò mú mi. Mo fọwọ́ pa wọ́n lára, Oníbọ́tìnnì. Mi ò rí ìyàtọ̀ kankan. Bá mi wò ó."

Ọmọ Ọ̀jọ̀gbọ́n ò tíì wo aláìléegun tútù rí láyé rẹ̀. Ta ló ń tún iṣẹ́ bàbá rẹ̀ yẹ̀ wò? Ó gé awọ, ó kán bílíìṣì sí i. Ẹran ara yọ́. Ó fojú sí awò.

Bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì olójú mẹ́fà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, bíi ti àwọn tó wà káàkiri òkun. Ó yẹ èkejì wò, ó yẹ ẹ̀kẹta wò, títí dé ìkarùn-ún. Gbogbo wọn ló léegun.

Ó gun àga, ó gbé ìgò ìyá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó ki bébà tí wọ́n fi ń dán kíkan wò bọ inú rẹ̀. Bébà náà pupa fòò, àmì pé oògùn inú rẹ̀ kan. Ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, níbi tí ìdùnnú àti ìfẹ́ ìyàwó ti gbà á lọ́kàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n gbàgbé ìyẹ̀fun. Fọ́málíìnì jẹ eegun tán, bàbá wá ṣí ìgò lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó wo inú awọ, kò rí nǹkan, ó ní òun ti rí ohun tí ẹnìkan ò rí rí. Kò sí agboolé kankan. Ọwọ́ ló gbàgbé.

"Kọ ọ́," Òmùwẹ̀ sọ. "Kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn lónìí. Wọ́n máa ṣí àpáta. Mi ò ní wọ ibi jíjìn yẹn mọ́ láyé."

"Màmá mi ló wà níbẹ̀," obìnrin náà sọ, omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Tí mo bá kọ ọ́, orúkọ rẹ̀ á pa rẹ́. Bàbá mi á kú. Fún mi lọ́sẹ̀ kan, Adúmáadán. Kí n wá bí n ó ṣe sọ ọ́ fún un."

Òmùwẹ̀ mi kanlẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ kan," ló sọ. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀ fún un.

Nígbà tí Ọmọ Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ lẹ bébà mọ́ ìgò tuntun tó kó àwọn márùn-ún náà sí, ó kọ gbogbo rẹ̀ tán, ó wá fi ìlà méjì tó gbẹ̀yìn sílẹ̀ lófìfo. Ó ní kí wọ́n má baà mú Òmùwẹ̀ ni. Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe òótọ́ tán.

Ọ̀sẹ̀ kan pé. Bàbá ń wúkọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì, ara bàbá yá, ó ń rẹ́rìn-ín, ọmọ rẹ̀ ò fẹ́ ba ẹ̀rín yẹn jẹ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó jókòó ti bàbá rẹ̀, ó la ẹnu, ohun tó jáde ni, "Bàbá, ṣé kí n bu omi fún yín?" Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Òmùwẹ̀ ń bi í léèrè, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló sì ń sọ pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọkùnrin yẹn ò pariwo mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan. Ì bá sàn kó pariwo.

Ní Ọjọ́bọ̀ kẹrin, kò wá.

Mi ò ní fa èyí gùn, kò yẹ ní fífà gùn. Ẹ́ńjìnnì tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ kú nígbà tí Òmùwẹ̀ wà nísàlẹ̀. Kò sí èémí mọ́, ó sá gòkè lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ti ibi jíjìn bẹ́ẹ̀ gòkè lójijì, afẹ́fẹ́ á hó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìgò mínírà. Wọ́n gbé e dé ọsibítù. Kò kú. Láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀ ni kò tún mọ̀ pé òun ní nǹkan kan. Dókítà ní ó lè mí, ó lè sọ̀rọ̀, kó máa dúpẹ́.

Ọmọ Ọ̀jọ̀gbọ́n sáré dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Ìyá Òmùwẹ̀ ló bá níbẹ̀, obìnrin kúkúrú kan tó mú aṣọ tútù dání.

"Ẹ kú ìdààmú, mà. Ẹ kú ìrọ́jú..."

"Ṣé ìwọ ni?" Ìyá náà ò gbé ohùn sókè. "Ó sọ fún mi. Ó ní o ti rí i. O ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pé kò sí nǹkan kan lórí àpáta yẹn."

Ọmọ Ọ̀jọ̀gbọ́n kúnlẹ̀.

"Ọmọ méjì ni mo bí," ìyá náà sọ. "Ọ̀kan wà nínú ilẹ̀. Èkejì nìyí. Ìwọ ń ṣìkẹ́ bàbá rẹ, èmi ni ìyà ń jẹ. Dìde ńlẹ̀, mi ò lágbára láti máa wo ẹni tó kúnlẹ̀."

Ọmọ Ọ̀jọ̀gbọ́n wo Òmùwẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣí, òrùlé ló ń wò. "Máa lọ," ló sọ. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ńṣe ló rẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó rìn padà sí yàrá ìgò láìmọ ọ̀nà tó gbà. Bàbá rẹ̀ wà lórí àga lẹ́bàá fèrèsé. Ó gbé ìgò ìyá rẹ̀ kalẹ̀ sí iwájú rẹ̀, ó ki bébà bọ̀ ọ́, ó fà á yọ.

"Má fi hàn mí," Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ. "Ó pupa."

Ọmọ rẹ̀ gbé bébà náà kalẹ̀ sórí tábìlì.

"Ẹ mọ̀," ọmọ náà sọ. "Bàbá, ẹ mọ̀!"

"Mi ò mọ̀. Mo fura. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí ìyá rẹ lọ, mo jí lọ́jọ́ kan, mo ń ronú ọjọ́ tó mú un wá, bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, tí omi ń kán lára rẹ̀. Mo rí ọwọ́ mi bó ṣe ń da fọ́málíìnì. Mi ò rí ìyẹ̀fun. Mo wá a nínú ìrántí mi, mi ò rí i." Ó di ojú. "Mo lè lọ mú òmíràn, kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Mi ò lọ. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo kọ́ ẹ ní ìyẹ̀fun, mo ń gbá ẹ lọ́wọ́. Ẹni tó fura tí kò yẹ nǹkan wò, ẹni tó mọ̀ sàn jù ú."

Ọmọ náà fẹ́ bínú. Gbogbo ara rẹ̀ fẹ́ bínú, àmọ́ ibo ló fẹ́ gbà bínú? "Èmi náà mọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin," ló sọ. "Òmùwẹ̀ ò lè rìn mọ́, Bàbá. Èmi ni mo ṣe é." Ó wá gbé orí lé orúnkún bàbá rẹ̀, ó sunkún.

Àwọn méjèèjì jọ kọ ìwé náà ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n ló sọ ọ́, ọmọ ló kọ ọ́: pé agboolé aláìléegun kò sí, pé kò fìgbà kankan sí, pé àṣìṣe òun ni, kí wọ́n pa orúkọ náà rẹ́. Ó ní kó gbé ọwọ́ òun lé ibi tí òun máa fọwọ́ sí, torí ojú òun ò ríbẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí, ó dìde, ó lọ sílé, kò sì tún jókòó lórí àga yẹn mọ́. Àwọn tó ń pè é ní Ọ̀jọ̀gbọ́n tẹ́lẹ̀ ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ́rìn-ín. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a; ti bàbá yìí kò tilẹ̀ jẹ́ irọ́ níbẹ̀rẹ̀, ìfẹ́ ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ṣí àpáta. Àwọn òmùwẹ̀ padà sínú omi tí kò jìn, wọ́n ń kọrin. Ẹni tó jà fún un jókòó sílé ìyá rẹ̀ nínú àga onítáyà, ó ń gbọ́ wọn láti ojú fèrèsé.

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Ọmọ Ọ̀jọ̀gbọ́n ń lọ síbẹ̀. Ìyá náà kì í ṣílẹ̀kùn. Ọmọbìnrin náà á kan ilẹ̀kùn, á kí wọn látìta, á jókòó sórí àtẹ̀gùn fún wákàtí kan, á máa lọ. Ọjọ́bọ̀ kẹsàn-án, oòrùn mú kọjá ààlà. Ilẹ̀kùn ṣí.

"Wọlé," ìyá náà sọ. "Mi ò fẹ́ kí oòrùn pa ọmọ ọlọ́mọ sẹ́nu ọ̀nà mi. Tèmi ti tó mi." Ó gbé ìjókòó fún un, ó sì bá ẹ̀yìnkùlé lọ.

Òmùwẹ̀ ti rù. Èjìká yẹn náà ti sọ̀ kalẹ̀.

"Kí lo fẹ́ fi ààbọ̀ èèyàn ṣe?" ló bi í. Ó gbìyànjú àtirẹ́rìn-ín. "Àbí o fẹ́ sọ fún mi pé ó máa hù? Bí ìfun ọ̀lẹ òkun?"

"Rárá. Kò ní hù." Obìnrin náà tẹjú mọ́ ọn. "Mi ò wá purọ́ fún ẹ. Ká tu ara wa nínú, ká sọ ọ́ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun ló gbé wa débí. O ò ní rìn mọ́. Èmi ni mo fà á. Ojoojúmọ́ tí mo bá lò láyé ni n ó máa rántí."

"Kí lo wá ń ṣe níbí?"

"Mi ò mọ ibòmíràn tí mo lè jókòó sí."

Láti ìta, ẹnìkan ń pariwo pé òun ti mú mẹ́jọ.

"Àwọn ọjọ́ kan á wà tí n ó kórìíra ẹ," Òmùwẹ̀ sọ. "Mo fẹ́ kí o mọ̀. Mo máa ń jí láàárọ̀, n ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ mi ò ní dá mi lóhùn, orúkọ rẹ ló máa ń wá sí mi lẹ́nu."

"Mo mọ̀."

"Kò ní tán nílẹ̀, Oníbọ́tìnnì."

Ìgbà tí obìnrin náà gbọ́ orúkọ yẹn ni omijé rẹ̀ tó dà. "Bó o bá fẹ́ kórìíra mi, Adúmáadán, kórìíra mi nínú ilé wa. Má jẹ́ kí n máa gbọ́ ọ látẹnu ọ̀nà."

Òmùwẹ̀ na ọwọ́. Ọwọ́ yẹn ṣì le, àpá iyọ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Obìnrin náà gbá a mú. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú wọn. Báwọn àgbà ṣe sọ ọ́ náà ni, bí a ti ń sunkún, a máa ń ríran.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n so wọ́n pọ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba, yàrá tóóró kan tí fáànù ibẹ̀ ń ké. Ìyá Òmùwẹ̀ fọwọ́ sí i láìsọ̀rọ̀. Wọ́n di ìka Ọ̀jọ̀gbọ́n mú kó lè mọ ibi tó máa fọwọ́ sí. Nígbà tó ṣe tán, ó wá àga onítáyà náà kàn pẹ̀lú ọwọ́, ó tẹrí ba síwájú rẹ̀. "Ọmọ mi, dárí jì mí," ló sọ. Òmùwẹ̀ ní, "Ẹ dìde, sà." Ohun tó lè sọ lọ́jọ́ yẹn nìyẹn, bàbá náà sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Láti ibẹ̀, ìyàwó tuntun ti ọkọ rẹ̀ lọ sí yàrá ìgò. Àwọn ṣẹ́ẹ̀fù ò fàyè gba àga náà, wọ́n ní láti sún méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìgò méjì ló gbé kalẹ̀. Èkíní ni ti ìyá rẹ̀. Wọ́n ti fa ìlà pupa sórí orúkọ agboolé, àmọ́ nísàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ *Ẹni tó mú un* sí, orúkọ ìyá rẹ̀ ṣì wà digbí. Kò sẹ́ni tó lè pa ìyẹn rẹ́. Òótọ́ ni pé òun ló mú un.

Ìgò kejì ni ti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ wẹ̀ lọ sórí àpáta, èyí tó fi ìlà méjì sílẹ̀ lófìfo. Ó yọ bírò.

"Ìyẹ̀fun wà nínú ẹ̀?" ọkọ rẹ̀ bi í.

"Ó wà níbẹ̀."

Ó kọ orúkọ ọkọ rẹ̀ síwájú *Ẹni tó mú un*. Níwájú *Ẹni tó dá a mọ̀*, ó kọ orúkọ tirẹ̀, ó sì fi ti ọkọ rẹ̀ parí rẹ̀. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i kó gbẹ. Lẹ́yìn náà, ó ka ọjọ́ tó ti kọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko ṣáájú Ọjọ́bọ̀ tí ọkọ rẹ̀ kò wá, ó sì gbé ìgò náà sí ibi tí àwọn méjèèjì á ti máa rí i.